Oko Ẹ̀pà Àwẹ̀ró

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí Òkè Arójò tí ẹ ń wò lẹ́yìn ilé yìí ṣì kún fún ẹran, ìyá ńlá wa kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun ló ṣẹ̀ wá sílẹ̀. Ìwọ, yé fi ẹsẹ̀ walẹ̀, gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ọdẹ́jìnmí, ọkọ rẹ̀, ni olórí ọdẹ. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí koríko gbẹ, àwọn ọdẹ a tiná bọ ẹsẹ̀ òkè yíká. Iná a máa gun òkè lọ, ẹran a máa sá níwájú iná. Bí wọ́n bá dé orí àpáta, kò síbi tí wọ́n tún lè sá gbà. Akọ ń kú, abo ń kú, ọmọ tí wọ́n ń fún lọ́mú ń kú.

Àwẹ̀ró ló ń yan ẹran, òun ló sì rí i pé ẹran ń dín kù lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ kan, ó la ikùn àgbọ̀nrín, ó bá ọmọ níbẹ̀. Oyún wà nínú Àwẹ̀ró náà. Ó sunkún gidigidi.

Ó ní, “Baálé mi, ẹ fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún àwọn abo. Bí wọ́n bá tán, kí ni ọmọ inú mi yóò jẹ?”

Ọdẹ́jìnmí ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ?”

Nígbà tí òjò dé, Àwẹ̀ró gbé ọkọ́, ó dá oko ẹ̀pà sí ẹ̀gbẹ́ òkè, oko gbọọrọ láti orí àpáta títí dé etí odò. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ta ní í gbin ẹ̀pà sórí òkúta? Ẹ̀pà náà kò tilẹ̀ ta. Ṣùgbọ́n ó ń ro ó, ó ń ro ó, títí ọyẹ́ fi dé bá ilẹ̀ náà tó mọ́ tónítóní. Iná dé ibẹ̀, kò rí koríko jó, ó kú. Ẹran gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n la odò kọjá.

Ní ọdún kejì, àwọn ọdẹ ti gbọ́n. Wọ́n lúgọ sétí oko ẹ̀pà, ọrun lọ́wọ́. Àwẹ̀ró gbọ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ fún orogún rẹ̀, ó sáré gun òkè, ó dúró sáàárín oko, ó na ọwọ́ méjèèjì. Èéfín ti bolẹ̀. Abo àgbọ̀nrín kan ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ọdẹ́jìnmí ta ọfà. Ìyàwó rẹ̀ ni ọfà bá.

Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òkú rẹ̀ ni ẹran gbà kọjá, kò sì sí ọdẹ tó lè gbé ọrun mọ́. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè: àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ló ń kì í. Ọdẹ́jìnmí ṣẹ́ ọrun rẹ̀, ó mú ọkọ́ ìyàwó rẹ̀. Òun ló ń ro oko náà títí ó fi kú.

Ìdí nìyẹn tí ilé wa fi ń ro oko tí a kì í gbin nǹkan sí. Ìdí nìyẹn tí àgbà obìnrin ilé wa fi ń dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sun òkè. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni mo ti ń dúró. Nígbà kan, ẹran a kọjá títí ọrùn á fi máa ro mí. Lọ́dún tó kọjá, abo kan péré ni mo rí. Ó dùn mí.

Lánàá mo lọ wo ibẹ̀. Wáyà ìdẹkùn yìí ni mo bá, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ẹ má wo ojú ara yín, mi ò bèèrè ẹni tó ni í. Ẹni tó ta ọfà sókè tó yí odó borí, Ọba òkè ń wò ó.

Ọ̀la ni a ó ro oko náà. Ẹni tó ni wáyà yìí, ẹ̀gbẹ́ mi ni kó ti ro ó. Mo fẹ́ fi ibi tí Àwẹ̀ró ṣubú sí hàn án.