Ìpè Tí Mo Pe Ìyàwó Ọmọ Mi Lórí Àga Ìdánwò

Ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Bí mo bá jókòó, mo mọ ara mi, n óò kàn ní kí ẹ bá mi gbàdúrà ni, n óò sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa níhìn-ín ní Jos, ẹ ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé mo ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi Ojúọlápé, Ìyá Abraham, èmi tí mo ń ta bọ́tìnnì, èmi tí ẹ máa ń ní kó wá bá àwọn ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀ ìbágbé. Ohun tí mo fi pamọ́ ti pé oṣù mẹ́jọ nínú mi. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Òní ni n óò tú u síta.

Ẹ mọ Rosaline, ìyàwó Abraham ọmọ mi. Ọmọ Berom ni, ará ìlú yìí gan-an. Nígbà tí Abraham mú un wálé, n kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tèmi, Hausa la fi ń kíra wa. Kò pé ọdún méjì tó fi ń sọ Yorùbá. Kò lọ sí kíláàsì kankan o, èmi ni mo kọ́ ọ, ní ìdí ààrò. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní, "Ìyàwó mi, tí mo bá pè ọ́, má dá mi lóhùn láti ibi tó o wà. A kì í jókòó dá ìyá ọkọ lóhùn. Dìde, wá síwájú mi, kúnlẹ̀, kó o tó ní 'Mà'." Ó gbà á. Láti ìgbà náà, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dí tó, tí mo bá ti lanu, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ni n óò gbọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá gidi tí ẹ fẹ́ fún ọmọ yín ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ rántí ẹ̀kọ́ yìí, nítorí òun ni mo fi ṣe é léṣe.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Abraham ti lọ sí Jámánì, iṣẹ́ iná ló ń ṣe níbẹ̀. Ìbílọlá ọmọ rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́ta lọ nígbà tó lọ. Inú fóònù lọmọ náà ti mọ bàbá rẹ̀. Kí ìyàwó tó lè bá ọkọ lọ síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn, kó sì yege ìdánwò. Ìyẹn ni Rosaline ṣe forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè ló ń kọ́ wọn láti Ìbàdàn. Kíláàsì náà dùn-ún gbọ́, n kò ní parọ́. Nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀ láti Ìlọrin. Bàbá kan wà tí kì í rántí pa ẹ̀rọ ohùn tiẹ̀, tí àkùkọ rẹ̀ fi máa ń kọ wọ inú ẹ̀kọ́. Tí tíṣà bá sọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo wọn á dà á pọ̀ bí ọmọ ilé-kéwú. Nínú ọyẹ́ Jos yìí, ìyàwó mi á wọ súwẹ́tà méjì léra, á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á máa wí pé: orúkọ mi ni Rosaline, Jos ni mo ń gbé, mo ní ọkọ, mo ní ọmọ kan. Èmi náà ń gbọ́ ọ láti yàrá. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn láàárọ̀, mo sì lè ka ení dé ẹ̀wá. Ojoojúmọ́ ló ń dárúkọ ọkọ, tó ń dárúkọ ọmọ, kò dárúkọ mi. Mo mọ̀ pé ìwé wọn ni kò tíì débẹ̀, síbẹ̀ inú bí mi.

Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀yin ìyá. Ọkọ mi ti kú. Lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù wa jóná ní ọdún tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Jos níbí, àwọn èèyàn wa kó ẹrù wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, èmi dúró, nítorí Jos ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo fi ń yangàn yìí, bí ẹ bá gbé mi síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, n kò lè júwe ilé bàbá mi. Bí Rosaline àti ọmọ bá lọ, ta ló kù fún mi ní àdúgbò wa ní Hwolshe? Èmi àti ògiri. Ohun tó yẹ kí n sọ fún un nìyẹn. Àmọ́ mo ní àgbà kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ìgbéraga lásán ni. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Tí kíláàsì bá ti wọra, "Ìyàwó mi, omi." "Ìyàwó mi, bá mi wá awò ojú mi." Ìgbà mìíràn wà tí awò náà wà lójú mi. Á dìde, á wá, á kúnlẹ̀. Kó tó padà, wọ́n ti fi í sílẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè á ní, "Ìyáàfin Rosaline, ibo lẹ tún lọ?" Á ní kí wọ́n má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Èmi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ní, "Mà, lọ́la, láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, wọn ò ní jẹ́ ká dìde. Kámẹ́rà ló máa ṣọ́ wa. Ẹni tó bá kúrò lórí àga, ìdánwò tiẹ̀ ti parí nìyẹn, ó di oṣù mẹ́jọ kó tó tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kí lẹ máa fẹ́?" Mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan, Ọlọ́run á ṣe é ní àṣeyọrí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé Ìbílọlá lọ sọ́dọ̀ Safiyyah aládùúgbò wa. Ó po kúnú sínú fúláàsì, ó gbé àkàrà tì í, ó to omi àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó nu awò ojú mi, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí lẹ́sẹ̀. Kò ku ohun tí mo lè torí rẹ̀ pè é. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo pè é. "Ìyàwó mi." Mo gbọ́ tí àga dún, kò dìde. Mo tún pè. Láti ọdún mẹ́fà tó ti wọlé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n óò pè é tí kò ní wá. Ì bá dáa kí n jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Mo bọ́ awò ojú mi, mo gbé e lé tábìlì kó má baà fọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, mo rọra fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo wá ké pé, "Rosaline, àyà mi, mo ń kú lọ." N kò fi orúkọ pè é rí. Àga ṣubú. Ó sáré wọlé láìwọ bàtà, ó gbàgbé Yorùbá, ó ní, "Mama, me ya same ki?", ó ń fi Hausa bi mí pé kí ló ṣe mí. Ó gbé orí mi lé itan, ó ń fi ìpara àbọ́níkì ra mí láyà, ó ń sunkún. Mo ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú kọ̀ǹpútà ní yàrá kejì, tó ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò pè é mọ́. Orí itan rẹ̀ ni mo wà, ara mi le koko.

Ẹ ti rò pé ìyẹn ló burú jù. Ó kù. Lọ́jọ́ kejì Abraham pè, mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Àwọn yòókù yege, ìwọ dìde lọ. O ò fẹ́ wá ni, Rosaline. Sọ fún mi pé o ò fẹ́ wá." Ìyàwó mi ní, "Àṣìṣe mi ni. Ẹ má bínú." Kò dárúkọ mi. Ẹnu mi wà lára mi, n kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, tí Abraham bá pè, ọmọ nìkan ló ń béèrè. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń wo ilé ọmọ mi tó ń tú lọ, tí mo sì ń jẹ oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ sè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìbílọlá ń ṣeré lórí ẹní. Ó gbé bèbí rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ní kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Lójijì ó fi ohùn mi ké, "Ìyàwó mi," ó sì ti bèbí náà ṣubú. Ó ní, "Ó ti parí. Màmá Àgbà ti pè é." Àyà mi já, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe irọ́. Mo lọ bá Rosaline níbi tó ti ń fọ abọ́, mo kúnlẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, èmi ni mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fà mí dìde. Ó ní, "Mo mọ̀, Mà. Ẹni tó ń ṣubú kì í kọ́kọ́ gbé awò ojú rẹ̀ lé tábìlì." Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Òun nìkan ló wà lọ́hùn-ún, Mà. Ìyá kan ṣoṣo ló ní."

Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí Abraham láàárọ̀ yìí. Ó ti gbọ́ ọ, kò tíì fèsì, n kò sì bá a wí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó ọmọ nílé, ẹ má fi ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún yín dè wọ́n mọ́lẹ̀. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí, tí mo fi ojú ẹni rere jókòó láàárín yín.

Ohun kan ló kù. Ẹ wo aago ara ògiri yẹn, mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Rosaline ti wà lórí àga nílé, òní ló ń tún ìdánwò náà ṣe. Ó ní kí n má wulẹ̀ jáde, pé òun fọkàn tán mi. Èmi ni n kò fọkàn tán ara mi. Akọ̀wé, fóònù mi rèé, ẹ bá mi pa á. Ẹ fún mi láyè láàárín yín, kì í ṣe ibi ẹnu ọ̀nà. Tí mo bá ní mo fẹ́ relé, kódà tí mo bá ní àyà ń dùn mí, ẹ di ọwọ́ mi mú títí aago mọ́kànlá á fi lù.