Ohùn Àṣàkẹ́ Tí Mo Fi Abẹ Gé

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, òkú tó ṣì ń jẹun ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Wọ́dà tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi kì í wo ojú mi mọ́. Bó bá gbé àwo sílẹ̀, ọrùn mi ló ń wò. Mi ò bá a jà. Inú ọrùn yìí kan náà ni ohùn mi ń gbà jáde, ohùn tí gbogbo Ṣakí fẹ́ràn, ohùn náà ló sì gbé mi dé ibí. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àwa méjì la jọ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún rédíò ṣe nítòsí gáréèjì, èmi àti Làmídì, ọmọ Òfíkì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan la ti kọ́ṣẹ́, a jọ jìyà, a jọ gbòmìnira. Làmídì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́n. Ìgbà kan ló tú aago orí tábìlì, ó so ó mọ́ rédíò àti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí àkókò ìròyìn bá tó, aago yóò dún, rédíò yóò tan ara rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bí kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nílé. Ìròyìn Ìbàdàn, ti Kàdúná, ti ìlú òyìnbó, gbogbo rẹ̀ ló ń mú. Ajá-ọdẹ ni Làmídì sọ ẹ̀rọ náà. Ó ní àwa jókòó sílé, ajá náà ló ń lọ gbé ẹran wá.

Tèmi ni kí n kun ẹran náà. Ẹ̀bá ọjà màlúù ni wọ́n bí mi sí, mo gbọ́ èdè Haúsá dáadáa, mo sì ka ìwé tó láti gbọ́ òyìnbó orí rédíò. Èmi ni mo ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá, tí mo sì ń yọ ohun tó bá kan oníkálukú sọ́tọ̀ fún un. Bàbá Ràfíù tó ń gbin òwú fẹ́ ọ̀rọ̀ òjò. Nọ́ọ̀sì ọsibítù fẹ́ ọ̀rọ̀ àrùn. Tísà kan wà tí kò fẹ́ nǹkan kan bí kò ṣe bọ́ọ̀lù. Kásẹ́ẹ̀tì oníkálukú wà lọ́tọ̀, orúkọ ẹni náà ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀: "Bàbá Ràfíù, ẹ kú ojúmọ́. Tiyín nìyí." Ẹ̀rín àwọn ènìyàn á gba gbogbo ẹnu! Asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n ti mọ̀ látijọ́ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Tiwa mọ̀ wọ́n. Àṣàkẹ́, ìyàwó Làmídì àti ìyá Wàsílà ọmọ wọn, ará Kòmú, ló sọ mí ní Olóhùn-iyọ̀, bí ìyàwó ilé ti ń sọ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ.

Òjò ló kọ́kọ́ dán mi wò. Ọ̀dá dá lọ́dún kan, Bàbá Ràfíù wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kò sí ọ̀rọ̀ òjò kankan nínú ohun tí Ajá-ọdẹ mú wá. Àánú bàbá náà ṣe mí. Ká má purọ́, kì í ṣe àánú nìkan. Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín sí mi bó ti máa ń ṣe. Mo bá fi ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé òjò yóò rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó sì rọ̀! Bàbá Ràfíù gbé iṣu wá, ó ń pariwo láàárín gáréèjì pé, "Ẹ wá wo ọmọ tó mọ ẹnu òjò!"

Làmídì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"Ṣé òjò ò rọ̀ ni?"

"Mo ní níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"Làmídì, sinmi. Inú bàbá ń dùn."

"Ohun tí ajá bá gbé wá la ó pín. Bí ajá ò bá pa nǹkan kan, ká sọ fún wọn pé ajá ò pa nǹkan kan."

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di àlùfáà. Ṣùgbọ́n irọ́ ti dùn mọ́ mi lẹ́nu. Láti orí òjò mo bọ́ sórí ọjà òwú, láti orí ọjà òwú mo bọ́ sórí ènìyàn. Mo kọ́ bí a ti ń fi abẹ gé tẹ́ẹ̀pù inú kásẹ́ẹ̀tì, tí a ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, tí ẹni tó ní òun kò gbà yóò fi di ẹni tó gbà. Oníṣòwò tábà kan láti Ìsẹ́yìn fẹ́ kí ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà bú àwọn àgbẹ̀ ní olè. Ọkùnrin náà kò bú ẹnikẹ́ni. Mo fi abẹ mú kó bú wọn. Wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sétí àwọn àgbẹ̀ ní Ìlúà, àwọn àgbẹ̀ sì gbé kùmọ̀. Wọ́n lu ọkùnrin náà títí ojú rẹ̀ kan fi fọ́ bí ẹyin.

Ìgbà tí Làmídì gbọ́, ó gbé Ajá-ọdẹ kúrò lórí tábìlì mi. Ó ní, "Ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ mi ṣe ti fọ́ ojú ènìyàn. O ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Àṣàkẹ́ ni yóò máa túmọ̀. Ó kàwé, kì í sì í purọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ọfà. Láìsí Ajá-ọdẹ, kí ni mo jẹ́? Ọmọ ẹ̀bá ọjà màlúù tó ń lẹ rédíò tó ti fọ́. Ta ni yóò tún máa kí mi láàárín gáréèjì?

Ó mú Àṣàkẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù láti gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kó dán an wò. Ìkéde òkú kan láti inú ìwé ìròyìn ló ní kó kà. Àṣàkẹ́ ń kà á lọ geere, àfi ìgbà tó dé ibi orúkọ olóògbé, ó dákẹ́, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, kó tó rọra pè é: "Tìámíyù, ará Ìgbòho." Làmídì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "O ti pa àbúrò mi láàyè!" Tìámíyù ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan náà, tí wọ́n jọ ń gbé. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìwé ló ṣòro fún un láti kà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ohùn rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Lọ́jọ́ náà kan náà ló fi kásẹ́ẹ̀tì kí ìyá rẹ̀ ní Kòmú: "Màámi, ọkàn mi ń fà sí yín. Bàbá Wàsílà ní kí n kí yín. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí ti sú mi. Bí òjò bá dé, n ó wá bá yín." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ tó. Mo jí i dà sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, pẹ̀lú ìkéde òkú, mo sì mú abẹ. Bí mo ti parí rẹ̀ nìyí: "Tìámíyù, ọkàn mi ń fà sí yín. Bàbá Wàsílà ti sú mi. N ó wá bá yín." Mo gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́tún-gbọ́, mi ò gbọ́ ojú ìsopọ̀ kankan. Orí mi wú. Ète mi ni pé kí Làmídì lé Àṣàkẹ́ jáde, kí ó sì wá bẹ̀ mí.

Ọ̀sán gangan ni mo gbé e sétí rẹ̀. Mo tilẹ̀ ṣe ojú ẹkún. Mo ní, "Ajá-ọdẹ ló mú un. Wọ́n gbàgbé pé ẹ̀rọ ń gbọ́." Làmídì gbọ́ ọ tán. Ó fa àdá yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sáré. Mo sáré tẹ̀ lé e. Kí n dá a dúró kọ́, kí n wòran ni.

Tìámíyù jókòó sí àgbàlá, ó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Ó gbójú sókè, ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káàbọ̀. Àdá dé kí kíkí tó jáde. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, àdá sì gé ọwọ́ náà bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Igbe rẹ̀ kò tíì kúrò létí mi. Làmídì tún gbé àdá sókè, àfi bí Àṣàkẹ́ ti já wọlé tó dojú bo àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Wàsílà, kí ló dé?"

"Mo ti sú ọ, àbí? Tìámíyù ni ọkàn rẹ ń fà sí!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ fẹnu ara rẹ! Mo gbọ́ ọ nínú kásẹ́ẹ̀tì! O ní, 'Tìámíyù, ọkàn mi ń fà sí yín!'"

Ẹ̀jẹ̀ ti bo ìró Àṣàkẹ́. Ó tẹjú mọ́ ọkọ rẹ̀. "Kí lẹ ní mo pè é?"

"Tìámíyù!"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wẹsẹ̀ mi wọ ilé yìí, ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu mi rí? Eyínfúnjowó ni mo ń pè é! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pe orúkọ yẹn, lójú yín, ní ṣọ́ọ̀bù, nínú ìkéde òkú. Ẹ̀yin náà lẹ fi mí rẹ́rìn-ín!"

Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀gá ọ̀rọ̀, ojú ìsopọ̀ ni etí mi ń wá, mi ò rántí ohun tí obìnrin ilé lè fẹnu sọ. Àdá bọ́ lọ́wọ́ Làmídì. Ó yíjú padà, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí n lè dáná sun kásẹ́ẹ̀tì náà. Ìṣáná ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Làmídì wọlé láìmú ohun ìjà kankan, ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ wà ní àyà rẹ̀.

"Gbé e fún mi."

"Làmídì, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Gbé e fún mi, kí n gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Kí wọ́n ti àwa méjèèjì mọ́lé. Mo ti gé ọwọ́ ọmọ ìyá mi."

Ká ní ó lù mí ni, bóyá ǹ bá sunkún. Ó kàn na ọwọ́ síbi kásẹ́ẹ̀tì. Mo gbé irin tí à ń fi gbé eriali ró, mo là á mọ́ ọn lórí. Ó kúnlẹ̀. Ó pe orúkọ Ọlọ́run. Mo tún là á. Bí mo ti ń lù ú ni aago dún, Ajá-ọdẹ tan ara rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹnìkan ní Ìbàdàn sì kí wa pé ẹ kú ọ̀sán. Mi ò dúró. Mo lù ú títí n kò fi mọ ojú ọ̀rẹ́ mi yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí ó wà. Ìròyìn ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá mi, irin lọ́wọ́ mi, kásẹ́ẹ̀tì lápò mi.

Ní kóòtù, wọ́n ní kí Àṣàkẹ́ sọ orúkọ ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́. Ó ní, "Eyínfúnjowó ni, Olúwa mi." Adájọ́ ní orúkọ àbísọ rẹ̀ lòun ń bèèrè. Omi ń dà lójú obìnrin náà, kò pè é. Tìámíyù fúnra rẹ̀ ló dìde pẹ̀lú ọwọ́ kan, tó sọ orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n wá tan kásẹ́ẹ̀tì mi fún gbogbo ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò nílò àlàyé mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Ẹni yìí ńkọ́? O mọ̀ ọ́n?" Mo ń retí Olóhùn-iyọ̀. Àṣàkẹ́ wò mí, ó sì pe orúkọ tí ìyá mi sọ mí, ó pè é ketekete, orúkọ tí kò pè rí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ mí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yọ mí kúrò nínú ilé ọkọ rẹ̀. Ìdájọ́ adájọ́ kò dùn mí tó o. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ orúkọ náà síhìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí orí yín pé, tí ọwọ́ yín mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ajá-ọdẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, irọ́ tèmi ló fi àdá lé Làmídì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rán yín, ẹ jẹ́ ẹ bí wọ́n ti rán yín. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ ní ẹ kò gbọ́. Òjò kékeré tí mo rọ̀ fún Bàbá Ràfíù ló kún títí tó gbé ọwọ́ Tìámíyù lọ, tó gbé ẹ̀mí Làmídì lọ, tó ń bọ̀ wá gbé tèmi. Wàsílà ti di ọmọ aláìníbaba. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, tó sì bèèrè ohun tó pa bàbá rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un bí mo ti sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi kún un, ẹ má sì gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀.