Èmi Ni Mo Fi Ọ̀rọ̀ Yẹn Sí Jóòbù Lẹ́nu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ Ẹdẹ, mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ohun kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ìyàwó mi títí ó fi kú. Mi ò sọ fún pásítọ̀. Bí mo bá ń gbàdúrà gan-an, mo máa ń fò ó kọjá. Mo rò pé màá gbé e wọ sàréè ni. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan bẹ̀ mí ní ohun kan, láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu mi mọ́.

Ayé ìjọba ológun ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ẹ ó rántí. Ṣúgà wọ́n, mílíìkì wọ́n, ọṣẹ ìfọṣọ gan-an wọ́n. Wọ́n ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ṣọ́jà ń rìn káàkiri pẹ̀lú kòbókò, wọ́n ní ohun yòówù ká fẹ́ rà, a gbọ́dọ̀ tò sórí láìnì.

Nígbà náà, èmi ni aláwàdà tí wọ́n ń pè. Bí ìjọ wa bá ń ṣe ìkórè, bí ilé ìwé bá ń dágbére fún àwọn ọmọ tó jáde, èmi ni mo máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ àwàdà mi sí. Mo máa ń há a sórí bí ẹní ń há ẹsẹ Bíbélì sórí. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín, èèyàn ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń sín akólòlò jẹ. Mo ń rìn bí arọ. Mo ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá kan tó sanra nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rín in, ojú wọn kì í fara balẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ló kàn.

Ìgbà náà ni Jóòbù yọjú. Alájùé, àdúgbò kan ní Ẹdẹ, ni wọ́n bí i sí, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà, ìjọ kan náà la sì ń lọ. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Lọ́jọ́ ìkórè kan, alága ètò ní kí òun náà sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti parí tèmi. Ó dìde, kò mú ìwé kankan dání. Ó wá ní:

"Ìyàwó mi ní kí n lọ tò fún mílíìkì. Mo rí láìnì gígùn kan lẹ́bàá ọsibítù, mo bọ́ sí i. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n ń tà. Ṣé ẹni tébi ń pa máa ń béèrè ni? Mo tò títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì ní kí n yí ìdí sí òun, kí n gbabẹ́rẹ́. Mo ní, 'Nọ́ọ̀sì, mílíìkì ńkọ́?' Wọ́n ní kò sí mílíìkì, abẹ́rẹ́ ló wà. Mo ní, 'Ẹ kúkú gún mi, mi ò lè lọ sílé lọ́wọ́ òfo.'"

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Pásítọ̀ di ikùn mú. Ìyàwó Jóòbù tó jókòó láàrin àwọn obìnrin ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń fi etí gèlè nu omi ojú. Mo wò ó, inú mi sì bàjẹ́. Kò sí ẹnì kan tí mo fi ṣe àwàdà rí tó rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí Jóòbù fi jù mí lọ. Ara rẹ̀ ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ìyà tó ń jẹ gbogbo wa ló sì ń sọ. Mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ mi ò fẹ́ gbà.

Bí a ṣe ń jáde, ìyá àgbà kan fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní, "Tíṣà, ìwọ náà gbìyànjú." Ó wọ̀ mí lára ju ẹgba lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọn ò pè mí mọ́. Jóòbù ni wọ́n ń pè ní Ẹdẹ, òun ni wọ́n ń pè ní Awo, ìlú tó wà nítòsí wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ti burú rèé. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti lọ sílé, mo jókòó nínú kíláàsì mi, mo fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ṣọ́jà tó wà nílùú, kí wọ́n má baà dá ìkọ̀wé mi mọ̀. Mo kọ ìtàn abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Mo wá fi gbólóhùn kan kún un: "Bí ìjọba yìí náà ṣe rí nìyẹn: a tò fún oúnjẹ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún wa nídìí." Jóòbù ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo ti lẹ́tà náà sábẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn, mo sì lọ sílé.

Wọ́n mú un ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, níbi tó ti ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó dé, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ, etí òsì rẹ̀ ò sì gbọ́ràn mọ́ títí dòní.

Mo lọ kí i. Ó ní, "Tíṣà, mo ti ronú títí. Mi ò rántí pé mo sọ ọ́. Àmọ́ wọ́n kà á sí mi létí, ó sì jọ ọ̀rọ̀ mi. Ó ní láti jẹ́ pé mo sọ ọ́."

Mo dá a lóhùn pé, "Bóyá o sọ ọ́, o ò mọ̀ ni."

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ó jọ mí pé èyí gan-an burú ju lẹ́tà lọ.

Jóòbù ò ṣe àwàdà mọ́. Wọ́n tún pè mí, mo lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, mo bá jókòó sílé. Àmọ́ láti ẹnu àwọn ṣọ́jà tó mú un, gbólóhùn yẹn ti jáde sígboro. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lórí láìnì, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Títí di òní, àwọn àgbà Ẹdẹ ṣì ń sọ pé, "Gẹ́gẹ́ bí Jóòbù ṣe wí." Nínú gbogbo àwàdà tí mo ṣe láyé mi, òun nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ohun tó ń dá mi lágara jù ni pé ọ̀rẹ́ mi ni Jóòbù báyìí. Bí iṣu tuntun bá dé, ó máa ń gbé e wá fún mi. Lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó mi, òun ló di apá mi mú létí sàréè kí n má baà ṣubú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin rẹ̀ wá sílé mi. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Wọn kì í sọ ọ́ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ fún wa, kẹ́ ẹ sì bá wa sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bú ìjọba yẹn."

Mo ní màá wá. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ọkàn kan ń sọ fún mi pé kí n jẹ́ kó gbádùn ọjọ́ rẹ̀, àgbà ti dé sí i, kí n má dá egbò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti gbogbo ọdún yìí wá, ọkùnrin yìí gbà pé ẹnu òun ló kó bá òun. Tìtorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe pa àwàdà rẹ̀ mọ́, àní fún àwọn ọmọ tó bí.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ṣé kí n lọ bá a nílé kó tó di ọjọ́ náà, kí n jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀ níbi tó ti ń gbọ́ràn, kí n sì sọ ọ́?