Páálí Abẹ́ Tábìlì Ìkàwé Mi

Ayọ̀bọ́lá, sọ fún àwọn ọmọkùnrin yẹn kí wọ́n gbé ọkọ́ wọn sílẹ̀. Kí wọ́n má tíì gbẹ́ nǹkan kan lábẹ́ igi ọsàn yẹn. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ gbé Àbẹ̀ní ìyàwó ilé wa súnmọ́ mi, ẹ fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn dáadáa, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ wá wọn ilẹ̀ tí ẹ máa sin òun sí kí ojú òun tó pa dé. Mo mọ ìdí tó fi ní ibẹ̀ ló wu òun. Èmi ni mo parọ́ ibẹ̀ fún un. Bí mo bá tún panu mọ́ lónìí, tí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà, a jẹ́ pé irọ́ mi máa bá a dé inú ibojì.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Lydia Mákindé, tí mo fi pàṣán kọ́ ìdajì ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí ní ìṣirò. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo padà sí Aràmọ̀kọ, tí ọkọ mi sì kú, mo di ẹni tó ń jókòó síwájú ilé tó ń wo mọ́tò tó ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Gbogbo ayé wá ń sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ sinmi." Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí? Ọjọ́ kan ni mo rí i nínú fóònù pé ènìyàn lè jókòó sílé rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ éjẹ́ǹtì ilẹ̀ àti ilé, kó ṣe ìdánwò, kó gba láísẹ́ǹsì. Mo sọ fún Tóyìn ọmọ mi lórí fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ta ni yóò wá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ yín?" Ẹ̀rín yẹn ló wọ̀ mí lára. Mo ní màá fi hàn án.

Bí mo ṣe ń kàwé náà nìyí, ẹ fetí sí i, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù wà. Ojú mi ò gbà kí n máa wo fóònù pẹ́. Nítorí náà mo máa ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ sínú rẹ̀, bí ìgbà tí mo ń kọ́ kíláàsì. Màá bi ìbéèrè, màá dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà màá sọ ìdáhùn. Bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án, màá tan ohùn náà, kí n lè máa dáhùn nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó dùn mọ́ mi. Ó dà bíi pé mo tún ní kíláàsì.

Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ mi nínú fóònù náà wá ní kò sẹ́ni tó máa ṣe ìdánwò bí kò bá tíì bá ènìyàn ta ilẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n bá yín ta ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé yìí. Ẹ gbà, ẹ tiẹ̀ ṣàdúrà fún mi. Adéṣínà wá láti Ẹ̀fọ̀n, ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí yóò ti máa ta oògùn. Ó rin ilẹ̀ náà yíká, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Mà, ẹ dákun, ṣé kò sí òkú níbẹ̀? Ìyàwó mi ò ní bá mi gbé lórí òkú."

Mo ní, "Òkú kẹ̀? Iṣu la máa ń gbìn síbẹ̀."

Òkú wà níbẹ̀. Èmi nìkan ló kù láyé tó mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Bí ọmọdé bá kú, wọn kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Nígbà tí ibà pa Joy, ọmọ kan ṣoṣo tí Àbẹ̀ní bí, inú yàrá ni àwa obìnrin ilé di ìyá rẹ̀ mú sí. Èmi ni mo di apá rẹ̀ ọ̀tún mú. Ọkọ mi àti bàbá Ayọ̀bọ́lá ló gbé ọmọ náà lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n gbin pèrègún sí ibi orí rẹ̀ kí ẹni kankan má bàa fi ọkọ́ kan án. Ọkọ mi sọ fún mi lọ́jọ́ tó ń kú lọ. Ó ní, "Lydia, má jẹ́ kí wọ́n hú pèrègún yẹn." Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú ni ẹnikẹ́ni ò ti pe Àbẹ̀ní ní Ìyá Joy mọ́. A padà sí orúkọ tí wọ́n fi ń pè é kó tó bímọ, bí ẹni pé kò bí i rí.

Èmi ni mo hú pèrègún náà. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo yín wà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìkórè, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo dà á sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ náà á ti di ilẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá gba láísẹ́ǹsì tán, màá ṣe ohun tó tọ́. Ẹ gbọ́ bí àgbà ṣe ń tan ara rẹ̀!

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, fóònù ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohùn mi bi ìbéèrè pé, "Kí ni ẹni tó ń ta ilẹ̀ kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún ẹni tó ń rà á?" Ó dákẹ́. Mo ya ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti dáhùn nínú fóònù. Ohùn ọmọdé ni, ó rọra sọ ọ́ bí ọmọ tó ń tijú tíṣà. Ó ní, "Èmi ni, mà."

Àwo ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dá a padà síbẹ̀rẹ̀, mo tún gbọ́ ọ. Mo pa á rẹ́, mo gba òmíràn sílẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí ohùn ọmọ aládùúgbò kankan má bàa wọlé. Nínú ìyẹn náà, gbogbo ibi tí mo bá ti dákẹ́, ó wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn kì í dáhùn, èémí rẹ̀ nìkan ni màá gbọ́, bí ọmọ tó sáré wọ kíláàsì.

Ènìyàn gidi ì bá ti sáré lọ bá àlùfáà. Ẹ mọ ohun tí èmi ṣe? Mo dín ìdákẹ́jẹ́ náà kù. Mo ń sáré sọ ìdáhùn mọ́ ìbéèrè kí ọmọ náà má bàa rí àyè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Adéṣínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Máyọ̀wá bíríkìlà ló gba kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbẹ́. Mo ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí apá kejì, wọ́n ní ibẹ̀ ló dára. Máyọ̀wá wá pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Mà, ẹ wá wo nǹkan." Egungun tín-ín-rín ni, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí ọmọbìnrin. Mo ní, "Ewúrẹ́ ni."

Ó wò mí. Ó ní, "Mà, ewúrẹ́ tó so ìlẹ̀kẹ̀?"

Mo ní tó bá fẹ́ kí n máa júwe òun fún àwọn tó ń kọ́lé, kó yáa gbà pé ewúrẹ́ ni. Ó fọ ọwọ́, ó lọ sílé, kò sì kí mi mọ́ títí dòní. Nígbà tó lọ tán, mo sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí mo ní ó ń dùn mí, mo ṣa ọmọ náà bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà, mo fi ìró mi kan dì í. Páálí tí wọ́n fi kó ìwé ẹ̀kọ́ náà wá fún mi ni mo gbé e sí. Mo tì í sábẹ́ tábìlì ìkàwé mi. Òun ni mo ń gbé ẹsẹ̀ lé tí mo fi ń kàwé.

Mo rò pé ìyẹn ló burú jù. Kì í ṣe ìyẹn.

Òjò ń ṣú lọ́jọ́ kan, mo tan fóònù sílẹ̀, mo lọ gbé aṣọ wọlé. Nígbà tí mo padà, Àbẹ̀ní ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá mi, ó fọwọ́ ti ògiri. Ìgbà yẹn, ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, agbára káká ló fi ń mọ ọ̀nà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìyáálé mi, ọmọ ta ló wà n'ulé yín? Mo gbọ́ ọ tó ń kàwé, ni mo bá tẹ̀lé ohùn rẹ̀ wá."

Mo pa fóònù náà. Mo ní, "Fóònù ni."

Ó ní, "Ohùn rẹ̀ mà dùn o." Lẹ́yìn náà ló wọlé, tó kúnlẹ̀ lẹ́bàá tábìlì náà. Bó bá na ọwọ́ ni, ì bá kan páálí. Ó ní, "Ìyáálé mi, mo mọ̀ pé wọn í í sọ fún ìyá. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó, mi ò ní ọmọ mìíràn tó máa sunkún mi. Ẹ bá mi fi ibi tí Joy wà hàn mí, kí wọ́n lè sin mí tì í. Uṣẹ́ kan tí mo bẹ̀ yín nìyẹn."

Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀. Mo fa Àbẹ̀ní dìde. Mo di apá rẹ̀ ọ̀tún mú, apá kan náà tí mo dì mú lọ́jọ́sí, mo mú un jáde sínú òjò tó ti ń kán, mo mú un dé abẹ́ igi ọsàn. Mo ní, "Ibí ni."

Ó ní, "Abẹ́ ugi yìí?"

Mo ní, "Ibẹ̀ náà ni."

Ó fi ọwọ́ pa ilẹ̀ náà bí ẹni tó ń fọwọ́ pa orí ọmọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbá abẹ́ igi ọsàn láràárọ̀. Ẹ̀ ń rí i, ẹ̀ ń sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàrú. Ọpọlọ rẹ̀ ò dàrú. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló rò pé òun ń lọ.

Mo ṣe ìdánwò náà ní Adó. Ìbéèrè ohun tí kò gbọdọ̀ pamọ́ wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé kí ènìyàn sọ gbogbo ohun tó bá mọ̀ nípa ilẹ̀, títí kan ibojì. Mo yege. Ẹ pa ewúrẹ́, ẹ bá mi jó, láísẹ́ǹsì náà rèé lára ògiri. Pèrègún tí mo gé dà sẹ́yìn ilé ìdáná ti ta gbòǹgbò, ó ti ga dé ojú fèrèsé mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá gé e, ó ń pọ̀ sí i. Fóònù náà sì ti bàjẹ́, kò tàn mọ́, síbẹ̀ bí ilé bá ti pa rọ́rọ́ lọ́sàn-án, mo ṣì ń gbọ́ ọmọ náà. Kò halẹ̀ mọ́ mi rí. Ohun kan náà ló ń sọ: "Mà, ṣé kí n máa lọ sílé?"

Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́, ẹ má sọ pé mo kọ́ yín ní ìṣirò nìkan. Bí ohun kan bá ń wù yín, tí ẹ rí i pé ẹ ní láti kọ́kọ́ dákẹ́ nípa nǹkan kan kí ó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ojú ń tì mí. Màá lọ bá Adéṣínà àti ìyàwó rẹ̀ fúnra mi, mo sì ti ní kí Máyọ̀wá wá síbí lónìí kó lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kì í ṣe ewúrẹ́. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ fi abẹ́ igi ọsàn yẹn sílẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì máa sùn sí, ìyá rẹ̀ ni kó yàn án.

Ayọ̀bọ́lá, bá mi fa páálí yẹn jáde lábẹ́ tábìlì. Rọra. Mo ti pààrọ̀ ìró rẹ̀, aṣọ funfun ni mo fi dì í. Gbé e fún mi. Èmi ìyáálé ni mo kúnlẹ̀ yìí, mi ò sì ní dìde àfi tí ìyá ọmọ yìí bá ní kí n dìde.

Ìyá Joy, na ọwọ́ rẹ. Ọmọ rẹ rèé.