Gọ́ọ̀mù Líle Lójú Sẹ́lò Prosper

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Narcisse ọmọ mi, ti ilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé. Blandine, súnmọ́ mi, ìwọ gan-an ni mo ní kí wọ́n lọ pè. Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí ẹni pé mo ti gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òní lọjọ́ náà, n kò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Ẹ rántí sẹ́lò àtijọ́, gòjé ńlá tí ọkùnrin ará ìlú Nancy gbé wá fún àtúnṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìgbà tí Narcisse fi ọ̀bẹ ṣí ojú rẹ̀, ó làágùn. Ó ní, "Ẹni tó gbẹ́ èyí mọ igi o, àmọ́ kò mọ gọ́ọ̀mù rárá! Ṣé pósí ló ń kàn ni?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, àfi Blandine, torí bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, Prosper ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹ má fi Prosper rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi ni mo se gọ́ọ̀mù yẹn.

Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ìkòkò gọ́ọ̀mù ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Ta ni kò mọ̀ ní Mirecourt níbí pé gọ́ọ̀mù ojú sẹ́lò kì í le? Bí òtútù bá mú, pákó a súnkì. Bí etí rẹ̀ bá ṣí, oníṣẹ́ á tún un lẹ̀, ó parí. Bí kò bá ríbi ṣí, á là. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bu omi la gọ́ọ̀mù náà.

Ẹ wo iṣẹ́ Prosper lára sẹ́lò yẹn! Ó máa ń fi ìka kan pákó, á dẹtí sí i, á ha díẹ̀ kúrò, á tún kàn án, títí yóò fi dáhùn bó ṣe fẹ́. Orí sẹ́lò náà ká rékété bí ìkarahun ìgbín. Bàbá ọkọ mi, tí kì í yin ènìyàn, gbé e yẹ̀ wò, ó ní, "Prosper, ọwọ́ rẹ ti ju tèmi lọ." Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá mọṣẹ́ jù nínú àwọn ọmọ òun méjèèjì ni yóò jogún ṣọ́ọ̀bù, ọkọ mi ò sì tó Prosper. Oyún Narcisse wà nínú mi. Ni Prosper bá yọjú: "Ìyàwó, gọ́ọ̀mù mi dà? Má jẹ́ kó sanra bíi tìẹ o!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. N kò bu ẹ̀kán omi kan sí i. Ìkà obìnrin!

Ọjọ́ Kérésìmesì, nínú òtútù, wọ́n ń fi sẹ́lò náà kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìlú pé. Ó dún gbàù, ojú rẹ̀ là. Bàbá ọkọ mi pariwo láàárín èrò pé, "Igi tútù lo lò, Prosper! O dójú tì mí!" Ẹni tó ni sẹ́lò fi ìbínú gbé e lọ. Ẹnì kan lẹ ibi tó là láti òde, kò sẹ́ni tó ṣí i títí ó fi dé ọwọ́ Narcisse. Ọkọ mi ló jogún ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ dúró, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Prosper wá bá mi níbi tí mo ti ń bó ọ̀dùnkún. Kì í pe orúkọ mi, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó ní, "Honorine, má bínú o. Ṣé o bu omi la gọ́ọ̀mù yẹn?" Ká ní mo sọ pé mo gbàgbé ni, ì bá dárí jì mí, ì bá lọ gbẹ́ òmíràn. Mo gbọ́wọ́ lé ikùn, mo fi ọmọ inú mi búra pé mo bu omi sí i. Ó sì gbà mí gbọ́! Yéè, ó gbà mí gbọ́! Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Á jẹ́ pé n kò mọ igi nìyẹn. Mo sì rò pé mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀." Kò gbẹ́ nǹkan kan mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ló ti ru pákó títí ó fi kú.

Blandine, òun ló sọ fún ọ pé ẹ̀yin méjèèjì kò mọ igi, kí o máa kun fánìṣì. Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́, mo dákẹ́. Narcisse, ìwọ náà dárí jì mí, orí rẹ ni mo fi búra. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá ṣebi, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ ṣe é sí máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Má dìde, Blandine. Ó dáa, bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ, n kò ní dí ọ lọ́wọ́. N kò tiẹ̀ ní kí o dárí jì mí. Àmọ́ kó o tó jáde, bá mi sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́, torí mi ò sọ ọ́ rí nígbà tó wà láàyè: bàbá rẹ mọ igi.