Títì Tó Rọ̀ Bíi Tìmùtìmù

[Ẹ̀gbọ́n, tó máa ń yẹ títì tuntun wò fún ìjọba ìlú, wà nínú ọkọ̀ ọ́fíìsì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló pè.]

ÀBÚRÒ: Hẹ̀lóò? Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàsán o. Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó yín ńkọ́—

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n wà. Sọ̀rọ̀ kíá, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ṣé kò sí wàhálà?

ÀBÚRÒ: Kò sí o, ire ni. A ti kó lọ sílé tuntun wa lánàá!

Ẹ̀GBỌ́N: Láìsọ fún mi?

ÀBÚRÒ: Surprise ni! Àwọn ilé tuntun ẹ̀yìn ilé ìwé yẹn, títì tó kẹ́yìn. Ó dúdú, ó ń dán. Ẹ̀yin tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń pè ní Ẹ-Tún-un-Ṣe, tiwa yìí á pa yín lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró ná. Títì tó gba orí odò tí wọ́n dí?

ÀBÚRÒ: Odò kẹ̀? Èmi ò rí odò. [ẹ̀rín àwọn ọmọdé] Ẹ gbọ́ àwọn ọmọ yín! Tí Adúmáadán bá ti fò báyìí, títì á tún gbé e sókè.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ń gbé e sókè?

ÀBÚRÒ: Títì! Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Omi tiẹ̀ ń yọ létí ẹ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: [ohùn rẹ̀ yí padà] Pè wọ́n wọlé.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní pè wọ́n wọlé! A ò tíì gba títì yẹn lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe! A máa kọ́kọ́ fi ọkọ̀ tó ru yanrìn gùn ún, ká máa wo ilẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá ti lè mì pẹ́nrẹ́n, títú ni! Ta ló ní kí ẹ kó wọbẹ̀? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Network... ẹ ní ọkọ̀ yanrìn?

Ẹ̀GBỌ́N: Omi ti kó ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ lọ! Ihò ni! Ọ̀dà lásán ló bò ó!

ÀBÚRÒ: Yéè! Adúmáadán! Ẹ kúrò níbẹ̀! Gbogbo yín! [eré ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn gbá] Wọ́n ti wọlé. Wọ́n pé.

Ẹ̀GBỌ́N: Tilẹ̀kùn. Mò ń bọ̀—

[ariwo ọkọ̀ ńlá, fèrè]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí nìyẹn?

ÀBÚRÒ: Ó tán! Táńkà omi ni. Èmi ni mo pè é. Omi ò tíì dé ẹ̀rọ wa.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ó kún?

ÀBÚRÒ: Dẹ́múdẹ́mú.

Ẹ̀GBỌ́N: Dá a dúró! Ẹnu géètì ni kó o ti pariwo, má ṣe bọ́ sí— Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ ń já... mo ti ń sáré... [ó ń mí hẹlẹhẹlẹ] Ọ̀gá dírẹ́bà! Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!

[búréèkì ké]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀lóò? Hẹ̀lóò!

ÀBÚRÒ: Ó dúró! [ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín] Ó ń bú mi, kó máa bú mi lọ. Ó dúró!

Ẹ̀GBỌ́N: Orí wa ò gbàbọ̀dè. Níbo lo wà báyìí?

ÀBÚRÒ: Iwájú ọkọ̀ náà ni. Mo na ọwọ́ gbọọrọ. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń fò lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Kúrò níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, kúrò lórí ẹ̀! Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mi ò gbọ́ dáadáa, ẹ sọ ọ́ sókè... Ẹ̀gbọ́n mi? Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ m—

[Ìpè já.]