Òróró Inú Ọ̀dà Mùíbì

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́. Ikọ́ yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè. Èmi Dàwódù ni mo fọ́ Tinúadé lójú. Kì í ṣe Mùíbì.

Nígbà kan, kò sí ẹni tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù tó mi l'Ágége. Búrọ́ọ̀ṣì mi a máa fún K ní ìrù, a ká S bí ìgbín, a sì fi òjìji sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mùíbì wá dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú lẹ́tà tirẹ̀, tó dúró gbọọrọ, tí kò ní ìrù, tí kò ní òjìji. Àwọn oníbàárà ní, "Bàbá, tiyín lẹ́wà, ṣùgbọ́n ti Mùíbì ni èèyàn ń rí kà lára mọ́tò tó ń sáré." Mo kórìíra rẹ̀ débi pé bí ó bá kí mi, itọ́ ni mo ń tu.

Ní 1956, ọ̀gá ilé iṣẹ́ bátìrì kan n'Íkẹjà pe àwa méjèèjì. Dúrọ́ọ̀mù méjì tó jọra wà nínú àgbàlá, ọ̀kan fún omi, èkejì fún omi bátìrì tó ń jó ara bí iná. Ó ní kí n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sára ògiri, kí Mùíbì kọ EWU sára dúrọ́ọ̀mù omi bátìrì. Ó ní, "Ti Dàwódù ṣòro kà." Nígbà tí Mùíbì lọ kírun, mo da òróró sínú ọ̀dà pupa rẹ̀ kí ó má baà gbẹ. Ẹ wo àgbàlagbà! Mo fẹ́ kí wọ́n lé e ni. Ó dé, ó fi ọ̀dà náà kọ EWU, òjò ìrọ̀lẹ́ sì fọ̀ ọ́ dànù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà lórí àkàbà nígbà tí Tinúadé, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, mú kọ́ọ̀bù jáde. Mo rí i tó ń lọ síbi omi bátìrì. Mo la ẹnu láti pè é, mo sì pa á dé. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló máa jó, pé ẹ̀bi á sì bọ́ sórí Mùíbì. Ojú ni obìnrin náà fi omi yẹn bọ́.

Mùíbì ń búra pé, "Mo kọ ọ́! Ọlọ́run gbọ́, mo kọ ọ́!" Wọ́n bi mí. Mo ní, "N kò rí nǹkan kan lára dúrọ́ọ̀mù yẹn." Wọ́n lù ú, wọ́n lé e. Kò sí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un mọ́, ló bá padà sílé lọ ń ro oko. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó kọ́ lẹ́tà rẹ̀. Lẹ́tà gbọọrọ tí mo fi kọ́ yín, tí ẹ fi ń jẹun, tirẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ bá Tinúadé, mo sì jẹ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí mi nígbà tí mo ń lọ síbẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ jáde nílé mi."

Kí ẹ tó sin mí, ẹ lọ bá Mùíbì. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ́ bú mi, ẹ má dá a lẹ́kun. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ, ẹ bọ́ fìlà, kí ẹ ní kó kọ́ yín.